Adékúnlé Fájuyì: Baálé Tí Kò Fi Àlejò Rẹ̀ Sílẹ̀

Nínú ìwé ìrántí júbílì yìí, ojú ewé púpọ̀ ni a ti yà sọ́tọ̀ fún àwọn Fadá tó mú Ìhìnrere wá sí agbègbè wa, fún àwọn olùkọ́ katikísìmù tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé abúlé, àti fún àwọn ìyá ìjọ tí kò jẹ́ kí àtùpà pẹpẹ kú. Ó yẹ kí àwọn bàbá ilé náà rí ibi tí a ti sọ̀rọ̀ kàn wọ́n. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ogun, tó jẹ́ ọkọ, tó jẹ́ bàbá, tí ikú rẹ̀ sì ti di àpèjúwe lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti àlejò àti onílé. Ọkùnrin náà ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Francis Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ẹni tó jẹ́ gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nígbà tí wọ́n pa á ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni Adó-Èkìtì fi kan Lagbé. Èsì wa ni pé ààlà tó wà láàárín wa kò tíì pẹ́ tó ẹ̀jẹ̀ tó so wá pọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó pín ilẹ̀ yìí sí méjì, wọn kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn bàbá wa. Láti ìgbà náà ni ọmọ ìyá kan ti ń ka ìwé Faransé ní Ifangni, tí èkejì rẹ̀ ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní Ìdí-Ìrókò. Síbẹ̀, ọjà kan náà ni a ń ná, a ń fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ ara wa, a ń bá ara wa sin òkú, ìròyìn ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn kì í pẹ́ kó tó dé Igolo. Ọmọ wa ni Fájuyì.

Ohun tó ṣòro díẹ̀ ni pé ọmọ ogun ni. Orúkọ yẹn kò dùn létí àwọn àgbà wa rárá. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, láàárín ọdún 1914 sí 1918, agbára ni àwọn Faransé fi ń kó àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Dahomey lọ sójú ogun tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí kọ̀, wọ́n dìde sí ìjọba, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sì ṣòfò. Àwọn mìíràn ní agbègbè ààlà di ẹrù wọn lóru, wọ́n sọdá sí apá àwọn Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n má baà mú ọmọkùnrin wọn lọ. Lẹ́yìn òmìnira ilẹ̀ wa ní ọdún 1960, a tún rí i bí àwọn ológun ti ń gba ìjọba lọ́wọ́ ara wọn ní Kòtònú títí tí iye rẹ̀ fi fẹ́ rú wa lójú. Nítorí náà, kì í ṣe nítorí ìbọn ni a ṣe yan ọkùnrin yìí. Ohun tó ṣe ní ọjọ́ tí ìbọn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ni a tìtorí rẹ̀ yàn án.

Ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1926 ni wọ́n bí i ní Adó-Èkìtì, ìlú Ewì, tó ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì láti ọdún 1996. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ Èkìtì, àgbẹ̀ ni wọ́n níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ìwé débi pé bàbá tí kò ní aṣọ méjì yóò ta oko kí ọmọ rẹ̀ lè lọ sí ilé ìwé. Ẹni tó bá ti bá wọn gbé mọ̀ pé wọn kì í tètè sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í tètè yí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti sọ padà. Ní ọdún 1943, nígbà tí Fájuyì kò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ, ó wọ iṣẹ́ ológun. Ogun àgbáyé kejì ń gbóná lọ́wọ́ nígbà náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń kó àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí ilẹ̀ Bọ́mà láti bá àwọn ará Japan jà nínú igbó. Nígbà tí ogun náà parí ní ọdún 1945, ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ aṣọ ogun sílẹ̀, wọ́n lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Òun dúró.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ ológun jẹ́ iṣẹ́ ọlá fún ọmọ dúdú láyé ìgbà yẹn. Àwọn Òyìnbó ni ọ̀gá, àwọn ọmọ dúdú ni ń ru ẹrù. Oúnjẹ àwọn ọmọ ogun kò tó nǹkan, owó oṣù wọn kéré, ọmọ Nàìjíríà tó sì di ọ̀gá láàárín wọn kò tó nǹkan tí à ń kà. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí gan-an ló kọ́kọ́ gbé orúkọ Fájuyì jáde. Ní àkókò kan, àwọn ọmọ ogun inú ẹgbẹ́ rẹ̀ dìtẹ̀ nítorí oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fojú kékeré wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: ọkùnrin tí ebi ń pa, tí ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí a ń bá ṣeré. Fájuyì wà lára àwọn tó pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ náà kí ó tó di ìtàjẹ̀sílẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ British Empire Medal ní ọdún 1951 nítorí rẹ̀. Ọmọ ọdún 25 ni ó jẹ́. Ó ti ń mọ bí a ti í dúró ní àárín àwọn tí inú ń bí.

Ní ọdún 1954, wọ́n rán an lọ sí Eaton Hall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di ọ̀gá, nígbà tí ọdún náà sì fi máa parí, ó ti di ọ̀gá ológun. Ọdún 11 ló fi ṣiṣẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Láàárín irú ìrìn-àjò báyìí ni ó ti gbé ìyàwó, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọmọ. Àwọn aya ọmọ ogun tó wà láàárín wa lè sọ ohun tí èyí túmọ̀ sí ju bí a ti lè kọ ọ́ lọ: ilé tí a ń kó lọ kó bọ̀ láti bárékè kan dé èkejì, ọmọ tó ń yí ilé ìwé padà, alẹ́ tí ìyá fi ń dá àwọn ọmọ lóhùn pé bàbá wọn ń bọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ Kóńgò gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn ará Belgium ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1960, ìdùnnú náà kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà dìtẹ̀, àwọn ará Belgium sì tún padà wọlé pẹ̀lú ìbọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, Moïse Tshombe kéde pé ẹkùn Katanga, níbi tí bàbà àti àwọn ohun àlùmọ́nì mìíràn pọ̀ sí jùlọ, ti yọ ara rẹ̀ kúrò lára orílẹ̀-èdè náà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pe àwọn orílẹ̀-èdè láti rán ọmọ ogun lọ pẹ̀tù sí i. Nàìjíríà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Mejọ̀ Fájuyì wà lára wọn, ó ń darí ìsọ̀rí kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kẹrin.

Apá àríwá Katanga ni wọ́n rán wọn lọ. Ibi tó le ni. Àwọn ọmọ ogun Tshombe ní apá kan, àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀yà Baluba tí kò fẹ́ Tshombe ní apá kejì, àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì wà láàárín, tí apá méjèèjì ń fura sí wọn. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ba ní ibùba de Fájuyì àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ẹni tó bá ti wà nínú irú rẹ̀ rí mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni ọ̀gá sábà máa ń gbà: kí ó sá là, kí àwọn tó kù wá ọ̀nà tiwọn, tàbí kí ó dúró títí tí yóò fi kó wọn jáde. Ó kó wọn jáde. Nítorí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe fún un ní Military Cross ní ọdún 1961, àmì ẹ̀yẹ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fún ọ̀gá ológun tó bá fi ìgboyà hàn lójú ogun gan-an. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn nígbà tí a bá dé ìparí ìtàn yìí, nítorí ẹni tí kò rí ikú rí lè sọ̀rọ̀ ìgboyà láìmọ ohun tó ń sọ. Ó ti rí i.

Lẹ́yìn Kóńgò, ó di ọ̀gá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kìíní tó wà ní Enugu. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó sí ipò náà. Ọmọ Yorùbá kan ni ó ń darí àwọn ọmọ ogun ní àárín ilẹ̀ Ìgbò, láyé tí ẹ̀tanú ẹ̀yà ti ń jẹ Nàìjíríà run bí ikán ti ń jẹ igi àjà. Kété ṣáájú oṣù Kìíní ọdún 1966 ni wọ́n gbé e lọ sí Abẹ́òkúta.

Ọ̀rọ̀ ìjọba Nàìjíríà ní àkókò yìí gùn, a kò sì lè sọ gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn àgbà wa tó ń rékọjá ààlà nígbà náà kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ wẹ́tìẹ, bí àwọn ènìyàn ti ń da epo bẹntiróòlù lé ara wọn àti ilé ara wọn lórí ní Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn ìbò oṣù Kẹwàá ọdún 1965. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966, àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kan dìtẹ̀. Wọ́n pa Abubakar Tafawa Balewa, olórí ìjọba. Wọ́n pa Ahmadu Bello ní Kaduna. Wọ́n pa Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Wọ́n sì pa àwọn ọ̀gá ológun bíi mélòó kan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Àríwá. Ìdìtẹ̀ náà kò yọrí sí bí wọ́n ti rò. Ọ̀gágun Johnson Aguiyi-Ironsi, ọmọ Ìgbò tó jẹ́ olórí gbogbo ọmọ ogun, ni ìjọba bọ́ sí lọ́wọ́. Ó yan gómìnà ológun mẹ́rin, ọ̀kan fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, Fájuyì ni ó sì yàn fún Ìwọ̀-Oòrùn.

Ó bá ilẹ̀ tí iná ń jó lọ́wọ́. Oṣù mẹ́fà péré ni ó lò lórí oyè, a kò sì ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé oṣù mẹ́fà tó láti tún ohun tó ti bàjẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n iná wẹ́tìẹ kú. Àwọn ènìyàn tún lè sùn ní Ìbàdàn láìgbé garawa omi sí ẹnu ọ̀nà.

Ní àkókò kan náà, inú ń bí àwọn ará Àríwá. Wọ́n ń béèrè ìdí tí a kò fi tíì fi ìyà jẹ àwọn tó pa àwọn olórí wọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, Ironsi gbé òfin jáde tó fi pa àwọn ẹkùn pọ̀ sí abẹ́ ìjọba kan ṣoṣo, ìbẹ̀rù àwọn ará Àríwá sì pọ̀ sí i. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti ń pa àwọn Ìgbò ní ìgboro àwọn ìlú Àríwá. Ironsi bá bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri orílẹ̀-èdè láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, ó dé Ìbàdàn láti bá àwọn ọba ṣèpàdé. Ilé Ìjọba ni ó wọ̀ sí. Fájuyì ni onílé.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Àwọn méjèèjì mọ ara wọn tipẹ́. Ọdún 1942 ni Ironsi wọ iṣẹ́ ológun, ọdún kan ṣáájú Fájuyì, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì lọ sí Kóńgò, níbi tí Ironsi ti padà di olórí gbogbo ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọdún 1964. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹbí ara wọn. Èdè wọn yàtọ̀, ilé wọn jìnnà síra wọn, Umuahia ni ilé ọ̀kan, Adó-Èkìtì ni ilé èkejì. Ní ọdún náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà ń ka orúkọ ẹ̀yà kí wọ́n tó pinnu ẹni tí wọn yóò ṣàánú fún.

Ní òru ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ogun Àríwá dìtẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì pa àwọn ọ̀gá wọn tó jẹ́ ará Ìlà-Oòrùn. Ìròyìn náà dé Ìbàdàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ ogun ti yí Ilé Ìjọba ká, Mejọ̀ Theophilus Danjuma ni ó ṣáájú wọn. Àwọn tó wà nínú ilé mọ̀ pé kò sí ọ̀nà àbáyọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29, Fájuyì jáde lọ bá àwọn tó wà ní ìta. Wọ́n gbógun tì í, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú Ironsi. Wọ́n kó àwọn méjèèjì sínú ọkọ̀, pẹ̀lú ọ̀dọ́ ọ̀gá tó jẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Ironsi, wọ́n sì gba ọ̀nà Ìwó lọ. Nítòsí Lálúpọn, wọ́n wọ inú igbó. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì yìnbọn pa Ironsi àti Fájuyì níbẹ̀. Ọ̀dọ́ ọ̀gá náà rí ọ̀nà sá lọ, ẹ̀mí rẹ̀ sì gùn débi tí ó fi sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ìtàn tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni pé wọ́n sọ fún Fájuyì pé òun kọ́ ni wọ́n wá mú, kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Pé ó kọ̀, ó sì sọ pé a kò ní mú àlejò òun nínú ilé òun kí òun sì wà láàyè lẹ́yìn rẹ̀. Òtítọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gba ìtàn yìí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan sọ pé nínú àwọn tó dìtẹ̀ náà, àwọn kan ti ń fura sí Fájuyì pé ó mọ̀ nípa ìdìtẹ̀ oṣù Kìíní, nítorí náà wọ́n wá mú òun pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tó fún un láǹfààní láti yàn. Ọ̀rọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn nínú ìwé àti nínú ìwé ìròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kò sì rò pé ó yẹ kí a fi ọwọ́ bò ó nítorí pé a ń kọ̀wé fún ìjọ. Ìjọ kò nílò irọ́ láti fi yìn ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a rí nìyí. Nínú gbogbo bí wọ́n ti ń sọ ọ́, kò sí ẹnikẹ́ni tó sọ pé Fájuyì fi àlejò rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó sọ pé ó bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí tirẹ̀. Àní àwọn tó wà ní apá kejì gbà pé ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ wọn ni ìlérí pé wọn kò ní pa Ironsi lára. Wọ́n ṣèlérí, ìlérí náà kò sì dúró. Bóyá wọ́n fún un láyè láti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí wọn kò fún un, ẹni tó jáde láti inú ilé lọ bá àwọn tó gbé ìbọn, tó sì ń lo ẹnu tó kù fún un láti bẹ̀bẹ̀ fún ẹlòmíràn, ti yàn. Ohun tí a lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú nìyẹn, ó sì tó fún wa.

Kì í ṣe pé a fẹ́ pè é ní Ẹni Mímọ́. Ìjọ nìkan ló ní àṣẹ bẹ́ẹ̀, Ìjọ kò sì tíì sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè kọ ìtàn yìí kí a má rántí Maximilian Kolbe, Fadá ọmọ ilẹ̀ Poland, ọmọ Ẹgbẹ́ Mímọ́ Fransisi. Ní ìparí oṣù Keje ọdún 1941, ọdún 25 ṣáájú ikú Fájuyì, ẹlẹ́wọ̀n kan sá kúrò ní àgọ́ Auschwitz, àwọn Jámánì sì yan ọkùnrin mẹ́wàá tí wọn yóò fi ebi pa dípò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Franciszek Gajowniczek, tí òun náà jẹ́ ọmọ ogun, ké nítorí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Kolbe jáde kúrò lórí ìlà, ó sì béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gba ipò rẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ni ó kú. Póòpù John Paul Kejì, tí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ pàdé ní Kòtònú ní oṣù Kejì ọdún 1982 àti ní ọdún 1993, ni ó kéde rẹ̀ ní Ẹni Mímọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 1982, Gajowniczek sì wà níbẹ̀ tó ń fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ó wà láàyè títí di ọdún 1995.

Nínú ìtàn ti Poland, ẹni tí kò ní aya àti ọmọ ni ó kú kí bàbá ọmọ lè padà sílé. Nínú ìtàn tiwa, bàbá ọmọ ni ó kú. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti wúwo fún àwa tí a ní ìdílé, a kò sì gbọ́dọ̀ fi orin ìyìn bo ó mọ́lẹ̀. Fájuyì ní aya. Ó ní àwọn ọmọ tí kò tíì dàgbà. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà bóyá wọ́n fẹ́ kí bàbá wọn bá àlejò lọ. Nígbà tí àwọn bàbá ìjọ bá ń jíròrò nípa rẹ̀, a máa ń gbọ́ ẹni tó máa sọ pé ojúṣe baálé àkọ́kọ́ ni pé kí ó wà láàyè fún àwọn tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. A kò lè fi òwe kan ṣoṣo pa á lẹ́nu mọ́, bí àwọn kan ti máa ń yára sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ilé jẹ́ nínú àṣà wa. Onílé kì í ṣe ẹni tó ní ògiri àti òrùlé. Ẹni tí ẹ̀mí àwọn tó sùn sábẹ́ òrùlé náà wà lọ́rùn rẹ̀ ni. Bí a bá mú àlejò lọ pa nínú ilé bàbá kan, tí bàbá náà yà sí ẹ̀gbẹ́, tó sì padà wọlé lọ jẹun pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ṣé bàbá kan náà ni àwọn ọmọ yóò máa pè ní bàbá? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí Fájuyì ṣe ní iwájú àwọn ọmọ ogun, ó jọ ohun tí a ń bẹ bàbá kọ̀ọ̀kan pé kí ó kọ́ ọmọ rẹ̀ lórí ẹní oúnjẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ san owó rẹ̀, a gbà. Wọ́n sì jogún orúkọ tí kò sí ẹni tó lè gbà lọ́wọ́ wọn. A kò mọ bí a ti ń fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọn ohun méjèèjì yìí, a kò sì ní ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tó dùn wá jù nínú gbogbo rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Lálúpọn. Lẹ́yìn ikú àwọn méjèèjì, ìjọba kò kéde rẹ̀. Wọ́n sọ pé àwọn ọmọ ogun tó dìtẹ̀ mú wọn lọ, a kò sì mọ ibi tí wọ́n wà. Wọ́n yan Kọ́nẹ́ẹ̀lì Robert Adéyínká Adébáyọ̀ sí ipò Fájuyì ní Ìbàdàn ní oṣù Kẹjọ, iṣẹ́ ìjọba ń lọ, ẹnikẹ́ni kò sì jáde láti sọ pé gómìnà àná ti kú. Láti oṣù Keje títí di oṣù Kìíní ọdún 1967! Oṣù mẹ́fà gbáko. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú ní àṣà wa mọ ohun tó kàn án: yóò wọ aṣọ ọ̀fọ̀, àwọn ẹbí yóò péjọ, Fadá yóò rú ẹbọ Mísà fún òkú, a ó fi erùpẹ̀ bò ó, ẹkún yóò sì ní ibi tí yóò jókòó sí. Obìnrin tí ìjọba kò sọ fún pé ọkọ rẹ̀ kú ńkọ́? Kì í ṣe opó, kì í sì í ṣe aya ẹni tó wà nílé. Bí ó bá sunkún, wọn yóò ní ó ń sunkún ẹni tó wà láàyè. Bí kò bá sunkún, ọkàn rẹ̀ mọ ohun tí ó mọ̀. Gbogbo ìlú ń sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àwọn tó ti sin ọmọ tàbí ọkọ láìrí òkú rẹ̀ láàárín wa, àwọn tí odò tàbí ọ̀nà àjò gba ènìyàn wọn, mọ irú oṣù mẹ́fà bẹ́ẹ̀.

Nínú igbó tí wọ́n ti pa wọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ bò wọ́n mọ́lẹ̀ láìsí pósí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wú wọn jáde, tí wọ́n sì gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú ní Ìbàdàn, láìsí ariwo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 1967, àwọn olórí ológun Nàìjíríà pàdé ní Aburi ní ilẹ̀ Ghana láti wá ọ̀nà tí ogun kò fi ní ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn òkú tí a kò kéde sì wà lára ohun tó ń dùn wọ́n. Ní oṣù náà gan-an ni ìjọba kéde ikú Ironsi àti Fájuyì fún gbogbo ayé. Wọ́n gbé òkú Ironsi lọ sí Umuahia. Wọ́n gbé ti Fájuyì lọ sí Adó-Èkìtì, wọ́n sì sin ín láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí ọmọ ogun. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1967, ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, kò sì parí títí di oṣù Kìíní ọdún 1970.

Ẹni tó bá gba Adó-Èkìtì kọjá lónìí yóò rí ọgbà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ní àárín ìlú. Ní Ìbàdàn, òpópónà kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, bárékè àwọn ọmọ ogun tó wà ní Ọ̀dọgbọ̀ náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ilé kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, Fájuyì Hall ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ láti ẹ̀yà gbogbo ni wọ́n ń sùn sábẹ́ òrùlé rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2016, nígbà tí ó pé àádọ́ta ọdún tí wọ́n pa á, àwọn ènìyàn péjọ sí Ìbàdàn láti rántí rẹ̀.